Ọgọ́fà Níwájú Ilé-Ìwé Ayọ̀ká

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbé ife tíì yín sílẹ̀ ná. Ṣàkírù oníbọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé, ìwọ náà. Ẹ gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní.

Mo ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn, mo ti tẹ bọ́ọ̀sì mi dé ọgọ́fà, bí ìṣe mi, ni pátákó ìwọ̀n eré etí títì tó ní ká má ju àádọ́ta lọ bá na ọwọ́ dá mi dúró.

Ó ní, "Lájídé, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti dúró síbí. O ò kà mí rí."

Mo ní kó má bínú, eré ni kì í jẹ́ kí n ráyè kà á. Ó ní kò burú. Ó wọlé, ó jókòó tì mí, ó de bẹ́líìtì. Èmi náà ṣíná.

Ó mú mi dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń dá ìwọ̀n eré. Òkè títì ló léfòó sí, wọ́n so ó mọ́ òpó iná kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ọ̀gá kan tó wọ táì fún mi lágà.

"Ẹ káàbọ̀, sà. A kì í dédé kọ ìwọ̀n níbí. Awakọ̀ ọgọ́rùn-ún là ń bi. Eré tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá ń sá, òun la ó kọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù. Kí ló dé tí ẹ fi ń sáré?"

"Ọ̀nà dáa, sà. Bí mo bá sì rọra, ẹni ẹ̀yìn á máa fi fèrè bú mi."

"Mélòó lẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ dé?"

Ẹ kúkú mọ̀ mí. Mo gbáyà, mo ní, "Ọgọ́fà! Ó tiẹ̀ ń lé." Ẹnu àìmẹ́nu ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀gá ní òun dúpẹ́. Bó ṣe ń dúpẹ́ ni ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó kọ ọgọ́fà sínú ìwé, ó fi pátákò lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

"Níbo lẹ máa gbé e sí, sà?"

"Iwájú ilé-ìwé Ayọ̀ká, ọmọ yín."

Ọmọ ọdún méje! Mo wólẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ mẹ́wàá. Tàbí kí ẹ jẹ ìwé náà, òbúkọ ṣáà ni yín."

Ó ní àwọn kì í jẹ ìwé ìjọba kí aago mẹ́rin tó lù.

Mo wo ìsàlẹ̀. Ayọ̀ká ti ń sọdá pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Bọ́ọ̀sì mi ń bọ̀, èmi náà ni mo sì ń wà á. Mo pariwo orúkọ ara mi títí, n ò dá ara mi lóhùn.

"Bàbá Ayọ̀ká!" Ìyàwó mi ló jí mi. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí tèmi, ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ tipẹ́."

Mo fọwọ́ mú ọmọ mi lọ sílé-ìwé láàárọ̀ yìí. Òbúkọ kan dúró létí títì, ó ń jẹ ìwé. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ayọ̀ká ń fi mí rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé kan fi fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú wa.

Ṣàkírù, má tíì gbé ife yẹn. Mélòó lo tẹ̀ ẹ́ dé?