Pátákó Tí Kò Jẹ́ Ìpè

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀, pátákó ńlá tó ń gbé àkókò àwọn òmùwẹ̀ jáde ṣì dúdú kirikiri. Obìnrin tó ń ṣọ́ aago ìdíje náà, Ìyá Aago lẹ́nu gbogbo èèyàn, ti tẹ bọ́tìnì títí ìka fi ń ro ó. Ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ ń sọ: òun ò rí pátákó.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé pátákó tuntun yìí wá. Orúkọ tí ti àtijọ́ ń jẹ́ ni wọ́n fún un, kí iṣẹ́ má bàa dàrú. Èrò ti kún ìjókòó fọ́fọ́, àwọn ọmọ tó fẹ́ díje sì ń na apá na ẹsẹ̀ létí omi.

Àbúrò Ìyá Aago lọ́kùnrin, tó so gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀ pọ̀, sáré wọlé, bàtà rẹ̀ ń yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ kúrò níbẹ̀ ná."

"Mo ti fọwọ́ kúrò tipẹ́. Òun ni kò fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹ̀."

Àbúrò yẹ wáyà wò, wáyà dè dáadáa. Ìyá Aago ka nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá pátákó tuntun mọ̀ fún un látinú ìwé rẹ̀, àbúrò fi nọ́ńbà náà pè é, èsì dé lójú ẹsẹ̀. Ó fi orúkọ pè é, kẹ́kẹ́ pa mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́nu.

"Ó wà níbẹ̀, ó kàn ń kọ etí dídi sí orúkọ ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ orúkọ nìkan ni ètò aago yìí mọ̀ ọ́n pè."

Ó sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà akéde, ó pe orúkọ náà níbẹ̀. Pátákó jẹ́ ẹ. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló padà.

"Ó dá akéde lóhùn. Kọ̀ǹpútà tiyín nìkan ló ń ṣìnà."

Ara Ìyá Aago ti yá gágá. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Tó bá ń ṣìnà, ibo ló ń lọ? Nọ́ńbà wo ló ń pè?"

Àbúrò bi kọ̀ǹpútà léèrè, nọ́ńbà kan yọ. Ìyá Aago fi ìka tọ ìwé rẹ̀.

"Mọ́kànlélógún ló parí sí. Èyí tí mo kà fún ẹ, méjìdínlógún ni."

"Mọ́kànlélógún yẹn, ti pátákó àtijọ́ ni."

"Ta ló wá ń kọ́ ọ ní ti àtijọ́?"

Àbúrò ṣí fáìlì kékeré kan tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó bi ẹlòmíì. Ìlà kan péré ni wọ́n fọwọ́ kọ síbẹ̀: orúkọ pátákó àti nọ́ńbà ògbólógbòó yẹn. Ó rántí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń ṣe ségesège, ó kọ ọ́ fún ìlò ọjọ́ kan, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

"Ọwọ́ ta nìyẹn?"

"Ọwọ́ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀rín pa Ìyá Aago. "Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Pa á rẹ́ kíá."

Ó pa á rẹ́, ó ní kí kọ̀ǹpútà gbàgbé gbogbo èyí tó ti há sórí, ó tún orúkọ pè. Pátákó tàn yòò, òdo tò sí ìlà mẹ́jọ lójú rẹ̀. Èrò hó yèè.

Fèrè dún, ọmọ mẹ́jọ bẹ́ sómi. Ìyá Aago ò rántí jókòó. Nígbà tí ọmọbìnrin ìlà kẹrin fọwọ́ kan ògiri, ó gbójú sókè, ó rí àkókò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lu omi. Àbúrò ti wà nídìí kọ̀ǹpútà kejì, ó ń yẹ fáìlì tibẹ̀ náà wò.