Ògiri Tí Aránṣọ Gé

"Ẹ má wulẹ̀ bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹ sún ògiri páálí yìí ni," ni Onípáálí wí. "Nídìí tábìlì yìí, ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀."

Àwọn aránṣọ méjèèjì pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn kò dákẹ́. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyá wọn fi sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kó jẹ́ yàrá ńlá kan gbalaja. Àbúrò ní àfi kí ògiri wà láàárín. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá wọ̀ lónìí, wọn yóò pín ilẹ̀ náà sí méjì, kálukú yóò sì wá bíríkìlà tirẹ̀ lọ.

Onípáálí ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́bìnrin ayàwòrán-ilé náà níbi iṣẹ́, nítorí kò sí páálí tó bọ́ sílẹ̀ tí kò ní ṣà. Òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ tó máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ni wọ́n jọ dá àrà tábìlì náà. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé yóò máa fọwọ́ ara rẹ̀ sún ògiri páálí kiri lórí rẹ̀. Kámẹ́rà tó wà lókè yóò máa wò ó. Kọ̀ǹpútà yóò sì da ìmọ́lẹ̀ sórí tábìlì láti fi ibi tí oòrùn yóò máa gbà wọlé hàn. Eré ọmọdé ni ọ̀gá wọn pè é. Ó ní bí kò bá lè parí ìjà tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí, òun yóò ti tábìlì náà mọ́ yàrá ẹrù. Àyà Onípáálí kò já. Ó mọ ohun tí òun ṣe.

Ẹ̀gbọ́n gbé ògiri àárín kúrò. Ìmọ́lẹ̀ tàn dé gbogbo igun. Àbúrò dá a padà, òjìji sì bo apá kan. Ẹ̀gbọ́n tún gbé e kúrò. Àbúrò tún dá a padà, ó wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọin.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó fa ògiri náà gbà, ó sì gé àárín rẹ̀ roboto bí ẹni ń gé ọrùn aṣọ.

Bó ṣe gbé e kalẹ̀ báyìí, ìmọ́lẹ̀ orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

"Wọ́n ti bà á jẹ́," ni akẹgbẹ́ Onípáálí sọ jẹ́jẹ́. "Odindi ògiri nìkan ni ẹ̀rọ yìí mọ̀. Tètè fún wọn ní òmíràn, kí ọ̀gá tó dé."

Onípáálí ti mú páálí tuntun kó tó gbọ́ tí àbúrò bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fẹ́ wọ ògiri tí ẹ gé ọrùn sí?"

"Kí n lè máa rí ọ ni. Bí o bá tún ń fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà, ta ni yóò pè ọ́?"

"Aṣọ kan ṣoṣo ni mo jó láti ọjọ́ táláyé ti dáyé. Ẹ̀yin tí ẹ rán apá òsì sí ọ̀tún ńkọ́?"

"Ẹni tó ni ín kò mọ̀."

"Torí pé mo bá yín tú u ni."

Onípáálí dá páálí tuntun náà padà sínú àpótí. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó nà án sí àbúrò. "Àǹtí, ó kàn yín."

Àbúrò kò gba sísọ́ọ̀sì. Èyí tí ẹ̀gbọ́n gé bọ́ sílẹ̀ ló ṣà, ó fa pínnì kan yọ lọ́rùn aṣọ rẹ̀, ó sì fi so ó mọ́ òkè ihò náà, tó fi ṣeé ṣí, tó ṣeé tì.

"Ọjọ́ tí ẹ bá mú inú bí mi, mo máa tì í."

"Ọjọ́ tí mi ò bá mú inú bí ọ ńkọ́?"

"A ó máa retí ọjọ́ yẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì fa àga sún mọ́ ọn.

"Kọ́ ẹ̀rọ náà kó mọ ihò," ni Onípáálí sọ fún akẹgbẹ́ rẹ̀.

"Iṣẹ́ ńlá nìyẹn o."

"Iṣẹ́ wa nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá lè gé, ó yẹ kí ẹ̀rọ wa lè rí i."

Akẹgbẹ́ náà kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Láìpẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, ó wá gba ojú ihò kọjá láti yàrá kan bọ́ sí èkejì.

Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn wọlé, kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù lọ́wọ́. Ó wo ègé páálí tó wà nílẹ̀.

"Ṣé ìjà ti parí?"

"Rárá, sà," ni Onípáálí dáhùn. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà láti máa jà á nínú ilé kan ṣoṣo."

Ọ̀gá dúró wo àwọn aránṣọ tó ti forí korí lórí tábìlì, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ padà sápò.