Bàbá Àgbà Ń Pe Orúkọ Wa

Ìyá Dúpẹ́, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ẹgbẹ̀rún náírà tí o rà lánàá ni mo rò sùn, torí sísì kan ni wọ́n ń tà á nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ni mo bá bá ara mi lábúlé wa. Bàbá àgbà mi, tí wọ́n ṣe sójà fún ọbabìnrin àwọn Òyìnbó láyé àtijọ́ kí wọ́n tó di ọlọ́pàá abúlé, ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ de odò wa mọ́ igi ọdán. Odò náà jókòó jẹ́ẹ́, ó fọwọ́ lẹ́rán, ẹja ń yọjú láyà rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, kí ló ṣe?"

Wọ́n ní, "Mo ní kó dúró, ó ń sáré. Ìwọ náà, bọ́ sórí ìlà, akọ̀wé."

Bí mo ṣe wẹ̀yìn, àwọn tá a jọ kàwé ló tò sí ẹ̀yìn mi pẹ̀lú aṣọ ìgboyè. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wa bí wọ́n ṣe ń pè é ní bárékè. Láyíwọlá ní, "Sà." Fọlárìn náà dáhùn. A ti sin àwọn méjèèjì. Wọ́n pe Kúnlé, kò fọhùn. Ó ṣì wà láàyè ní Ìjẹ̀bú. Délé náà dákẹ́. O mọ̀ pé ó pè mí lórí fóònù lánàá. Ó wá kan èmi. Mo mọ̀ pé a kì í dá òkú lóhùn lójú àlá, àmọ́ ta ni bàbá àgbà rẹ̀ máa pè tí kò ní jẹ́? Mo la ẹnu, ni o bá gbá mi léjìká, mo sì ta jí. Ìyá Dúpẹ́, ṣé o gbọ́ ohùn mi?