Ọmọńlé Méjì Tó Gbààwẹ̀ Nínú Yàrá Mi

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó bá yín sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: torí kí n lè dẹ́rù bà á ni mo ṣe ra àwọn ọmọńlé méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pète ẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ tó ń kó sísọ́ọ̀sì sí ni màá fi wọ́n sí. Á fa dúrọ́ọ̀, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á fò gba inú òrùlé jáde, òdìkejì títì ni á sì balẹ̀ sí, pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lọ́rùn ẹ̀.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Iwájú ilé ló ti ń ránṣọ, ẹ̀yìn ilé ni yàrá tó yọ̀ǹda fún mi wà. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni tèmi, Aláriwo sì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Tí mo bá sín nínú ilé, adìyẹ tó wà ní àdúgbò kẹta á yé ẹyin tí kò tíì tó ọjọ́. Kí n tó rí yàrá yẹn, orí pákó ni mò ń sùn nínú àwọn ilé tí a ò tíì kùn tán. Ẹ̀fọn ibẹ̀ tóbi débi pé wọ́n máa ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé.

Àárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò gún rárá lásìkò yẹn. Mo ti rán ẹnu ọwọ́ aṣọ oníbàárà ẹ̀ kan pa, mo pè é ní àwàdà. Aṣọ ìgbéyàwó obìnrin náà ni, èmi ò mọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí, ọwọ́ ò jáde. Kò padà wá ránṣọ mọ́, àwọn àbúrò ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ò sì padà wá. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kí ẹ̀gbọ́n mi káàárọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Ajé ni mo gbé páálí náà wọlé. Ó ń gé aṣọ lọ́wọ́.

"Kí ló wà nínú páálí yẹn?"

"Bàtà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Bàtà wo ló ń ha páálí?"

Kí n tó rí irọ́ kejì pa, ó ti ṣí i. Àwọn ọmọńlé náà kì í ṣe irú èyí tó ń gun ògiri kiri. Wọ́n pọ́n rúsúrúsú, tóótòòtó dúdú wà lára wọn bíi ti ẹkùn, ìrù wọn sì ki bí àtàǹpàkò mi. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò ó. Òun náà wò wọ́n. Kò fò, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

"Inú dúrọ́ọ̀ mi lo fẹ́ fi wọ́n sí."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn fẹ́ràn wọn ni."

"Ìwọ tí o ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni rí ju ẹnu ara ẹ lọ." Ó dé páálí náà jẹ́jẹ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀mí ni wọ́n. Kì í ṣe aṣọ tí wọ́n á tú òwú ẹ̀ tó bá bàjẹ́. Gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ Ajé lòní. Kí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ tó ṣú, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti jẹun nínú ilé yìí. Tí ọ̀kan bá kú, tàbí tí ọ̀kan kò bá jẹun, kó ọ̀dà ẹ, kó búrọ́ọ̀ṣì ẹ, kó ariwo ẹ, kí o sì máa lọ."

"Kí n máa lọ síbo?"

"Ibi tí wọ́n bá ti ń fi àwàdà san owó ilé."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ti padà sídìí aṣọ tó ń gé.

Kí lẹ fẹ́ kí akunlé ṣe? Mo wá àpótí gíláàsì kan tí wọ́n ti fi pàtẹ búrẹ́dì rí, mo sì kun inú ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, kí wọ́n lè rò pé inú igbó làwọn ṣì wà. Ọ̀dà olóròóró ni mo lò, ẹ̀ẹ̀mejì gbáko ni mo kùn ún. Ó ń dán débi pé ẹ lè fi ṣe dígí. Òórùn ẹ̀ nìkan tó láti mú ẹṣin dákú, ṣùgbọ́n imú mi ti kú sínú iṣẹ́ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo kó wọn sínú ẹ̀. Mo wá ronú pé àlejò kì í dá jẹun. Ni mo bá pe birikìlà tó ń gbé yàrá kejì, birikìlà pe àwọn tí wọ́n jọ ń po sìmẹ́ǹtì, àwọn yẹn pe ẹbí wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sẹ́ni tí kò tíì wá fìka gbá gíláàsì yẹn. Èmi fúnra mi gbé èyí tó tóbi jù sí àtẹ́lẹwọ́, mo mú ìrẹ̀ kan, mo ń tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Jẹun," mo ní. "Má tijú. Ilé ẹ ni."

Ó pa ojú dé. Mo tún tì í. Ó ya ẹnu, inú mi dùn, àṣé ìka mi ló fẹ́ gé. Ìrẹ̀ fò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọńlé sì lọ kọjú sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bú ní gbangba. Èyí tó kéré ò tiẹ̀ jẹ́ kí n rí ojú òun láti òwúrọ̀.

Ní Ọjọ́rú, ẹ̀gbọ́n mi wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ó na téèpù mọ́ ara gíláàsì níbi tí ìrù èyí tó kéré wà, ó fojú wọ̀n ọ́n bí ẹni tó fẹ́ dá ṣòkòtò fún un.

"Ó ti ń fọn," ó ní.

"Ó máa jẹun."

"Ọjọ́ márùn-ún." Ó ká téèpù, ó jáde.

Mo sáré lọ bá ẹni tó tà wọ́n fún mi. Ọkùnrin gíga kan ni, ó ń ta ẹyẹ àti ẹja, ojú ẹ̀ le ju ti ẹyẹ ẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọńlé yín ò jẹun o."

"Ta lò ń pariwo mọ́ báyẹn?"

"Mi ò pariwo. Bí ohùn mi ṣe rí nìyẹn."

"Kí lo fi sínú àpótí tí wọ́n wà?"

"Ọ̀dà. Àwọ̀ ewé."

Ó gbé ife tó fi ń mumi kalẹ̀. "Àwọn mélòó ló ti wá wò wọ́n?"

"Kò ju ogójì lọ."

"Ó dáa. Ká ní wọ́n jí ìwọ gbé, wọ́n jù ẹ́ sínú yàrá tó ń rùn, ogójì òmìrán ń gbá ògiri ẹ, ọ̀kan wá gbé ẹ dání, ó ń ti odindi màlúù bọ̀ ẹ́ lẹ́nu. Ṣé wàá jẹun?"

"Tí màlúù yẹn bá ti jinná dáadáa…"

"Jáde kúrò níbí."

Mi ò jáde. Mo sọ fún un pé tí wọn ò bá jẹun, orí pákó ni mò ń padà sí. Bóyá ó káàánú mi, bóyá ó kàn fẹ́ kí n tètè lọ, mi ò mọ̀. Ó fi ìbínú kọ́ mi. Ó ní kí n wá àpótí míì tí kò rí ọ̀dà rí, kí n tẹ́ bébà lásán sí i, kí gílóòbù máa mú ìhà kan móoru, kí ìhà kejì tutù. Ó ní akọ ni àwọn méjèèjì, èyí tó tóbi ló ń halẹ̀ mọ́ ìkejì, kí n fi pákó pín àárín wọn, kí oníkálùkù ní ibi gbígbóná àti ibi tútù tiẹ̀, kó ní ihò tó lè sá sí, kó sì ní omi nínú ìdérí ike. Ìrẹ̀ tí mo bá fún wọn kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju àárín ojú méjèèjì ọmọńlé lọ. Kí n fún wọn nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, kí n sì kó èyí tó bá ṣẹ́ kù kúrò, torí ìrẹ̀ tí ebi ń pa lè bu ọmọńlé jẹ.

"Fi aṣọ bo gíláàsì yẹn. Má fọwọ́ kàn wọ́n. Má pe ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ó tán?"

"Ó ku ìwọ. Ìwọ gan-an ni ariwo tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Kúrò nínú yàrá yẹn."

Ẹ ò lè mọ bí ohun tó ní kí n ṣe ṣe le tó. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá ní kí òjò máa rọ̀ láì kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣe é. Mo wá àpótí míì, mo gé pákó tó pín in sí méjì, mo kó ẹní mi, mo lọ ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń wọlé gbé ìrẹ̀ sílẹ̀. Mo di èémí mú débi pé ojú mi wú bíi búrẹ́dì. Ọjọ́bọ̀ kọjá, ọjọ́ Ẹtì kọjá, ìrẹ̀ ò dín. Birikìlà bi mí bóyá mo ń ṣàìsàn. Mo jùwọ́ sí i. Ó lọ sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọpọlọ mi ti yí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìrẹ̀ mẹ́rin tí mo fi sọ́dọ̀ èyí tó tóbi ti ku ẹyọ kan. Ní ọ̀dọ̀ èyí tó kéré, mẹ́ta ti di méjì. Ìgbẹ́ sì wà lórí bébà méjèèjì, ó dúdú, ó ní funfun lórí. Ẹ̀yin ará, mi ò tíì rí ìgbẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Mo wé ọ̀kan sínú bébà, mo gbé e tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ níwájú ẹ̀rọ.

"Wọ́n ti jẹun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ẹ̀rí."

Ó wo bébà, ó wo ojú mi. "Ìgbẹ́ ta ni?"

"Tiwọn ni."

"Ìrẹ̀ ńkọ́? Ìwọ lo kó wọn dànù."

"Mo fi ọmọ ìyá wa búra."

"Èmi lọmọ ìyá ẹ. Má fi mí búra. Ẹni tó lè rán ọwọ́ aṣọ pa kò ní ṣàì lè gbé ìgbẹ́ sórí bébà. Ojú mi ló máa rí i, àwọn méjèèjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́la lo máa kó ẹrù ẹ."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Òótọ́ tèmi lé irọ́ bá, ṣùgbọ́n kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé wọn kì í jẹun lójú ènìyàn, àfi tí ẹni náà bá jókòó bí òkúta. Ó ní òun lè jókòó bí òkúta. Ó ní èmi lòun ò mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú ní ọjọ́ Ajé, ó gbé àga wá sínú yàrá mi. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Gílóòbù kékeré nìkan ló ń tàn. Mo ti ju ìrẹ̀ sílẹ̀, mo ti ká aṣọ kúrò níwájú gíláàsì. A ò sọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́, mo ti gun àkàbà ilé alájà mẹ́rin láì sí ẹni tó di ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú, kò le tó wákàtí yẹn. Àwàdà mẹ́rìnlélógún ló tò sí mi lọ́fun, wọ́n ń ti ara wọn. Ikọ́ tí mo gbé mì padà wá pẹ̀lú ọmọ. Birikìlà wá kan ilẹ̀kùn.

"Aláriwo, ṣé o wà ńbẹ̀? Aláriwo. Ṣé ọpọlọ ẹ ti bọ̀ sípò?"

Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fi gbogbo èékánná ẹ̀ gún un. Mo pa ẹnu dé. Birikìlà pòṣé, ó lọ.

Èyí tó tóbi yọ orí. Ó rìn jáde bíi baálé, ó wo ìrẹ̀ kan, ó gbọn ṣóńṣó ìrù, ó fò mọ́ ọn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ahọ́n lá ojú ara ẹ̀. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Kò wò mí. Ó kàn fi àgbọ̀n tọ́ka sí apá kejì pákó.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ò jáde. Ìrẹ̀ gun orí ihò ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. Mo ń rí pákó tí màá sùn lé, mo ń rí ìṣó tó wà lára ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kú, mi ò yí i. Èékánná ẹ̀gbọ́n mi ò kúrò lọ́rùn ọwọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń yọ díẹ̀díẹ̀.

Imú kan yọ lẹ́nu ihò. Ojú kan tẹ̀ lé e. Ìrẹ̀ náà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ọmọńlé náà ò jáde tán tó fi gbá a mú, ìdajì ara ẹ̀ ṣì wà nínú ihò. Ó jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ ìrẹ̀ ṣì ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó dìde, ó gbé àga ẹ̀.

"Wọ́n jẹun," ó ní, ohùn ẹ̀ kéré.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Má kó ẹrù ẹ." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ọdún mélòó ni wọ́n máa ń lò láyé?"

"Ẹni tó tà wọ́n ní wọ́n lè lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ó ní. "Tí o ò ní lè pariwo nínú ilé mi. Kí èyíkéyìí nínú wọn má kú o."

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Ó nawọ́ sí àpótí. Mo pa ẹnu mi dé, mo mú ṣíbí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ìrẹ̀ tó ṣẹ́ kù.