Maricruz àti Òtútù Ọ̀sà

Bí òtútù bá mú àwọn ẹlòmíràn, aṣọ ni wọ́n máa ń wá. Bí òtútù bá mú ọ̀sà wa ní Port Isabel, ọkọ mi ni Maricruz máa ń wá.

Kò ju kí atẹ́gùn àríwá fẹ́ wọlé lóru kan lọ. Tílẹ̀ bá mọ́, omi ọ̀sà tí kò jìn á ti tutù bíi yìnyín, ẹja á ti yí ikùn sókè, àwọn ẹyẹ òfú á máa já lulẹ̀ sójú títì bí ẹni tó mutí yó. Àwọn ìjàpá òkun á kàn léfòó, wọn ò ní lè gbé ọwọ́, wọn ò ní lè gbé orí. Bí a ò bá tètè kó wọn, wọ́n á mumi kú. Maricruz ló ń darí àwọn tó ń kó wọn, torí pé ìwé ẹranko omi ló lọ kà. Kó tó lọ kàwé ọ̀hún, òun ni Librado, ọkọ mi, fẹ́ fi ṣaya. Ó lọ, Librado fẹ́ èmi. Ó wá padà dé ní opó, ó sì tún rẹwà ju ìgbà tó lọ lọ. Ọlọ́run ò ṣe dáadáa sí mi níbẹ̀ yẹn.

Librado alára ló ní kó wá ṣe ìyá ìsàmì ọmọ wa. Látìgbà náà ni Maricruz ti ń pè mí ní comadre, ìyẹn ìyá bíi tòun, àfi bí ẹni pé a jọ bí ọmọ náà ni.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Èmi sanra dáadáa, mo sì ń jowú.

Lọ́dún tí òtútù pa iná gbogbo ìlú, Librado ò tíì mu kọfí rẹ̀ tán tí Maricruz fi pè é. Mo dìde, mo wọ bàtà òjò mi.

"Níbo lò ń lọ?" Librado bi mí.

"Ibi tíwọ náà ń lọ."

"Mina, òtútù yìí kì í ṣe eré o."

"Ta ló ń ṣeré? Ìjàpá ni mo fẹ́ lọ kó. Àbí àwọn ìjàpá ló ní kí n má wá?"

Mo rò pé màá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wo ara wọn lójú. Ohun tí mo rí nínú ọkọ̀ ojú omi burú jùyẹn lọ. Wọn ò sọ̀rọ̀ rárá. Bí Librado bá na ọwọ́, àwọ̀n ti dé ọwọ́ rẹ̀. Bí Maricruz bá tẹ̀ síwájú, Librado á ti tẹ̀ sẹ́yìn kí ọkọ̀ má baà dà nù. Èmi tí mò ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ látọjọ́ yìí, mo ṣì máa ń bi í bóyá iyọ̀ tó. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ní atẹ́gùn ni.

"Comadre, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìjàpá yẹn sún mọ́ ẹ́ńjìnnì," Maricruz sọ fún mi. "Bó bá yára móoru jù, ó máa kú."

"A gbọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n."

Lọ́sàn-án, a rí ìjàpá ńlá kan níbi tí omi ò ti jìn rárá, ọkọ̀ ò lè dé ibẹ̀. Librado sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e. Kò mọ̀ pé kòtò kan wà lọ́nà. Ẹrẹ̀ gbá a lẹ́sẹ̀ mú, ó ṣubú, omi sì kún inú bàtà rẹ̀ tó ga dé itan. Atẹ́gùn ń gbé ọkọ̀ wa lọ, ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, kò fẹ́ jí. Mo bẹ́ sómi. Ó dé mi láyà, ṣùgbọ́n mo wọ́ ara mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ sókè títí ẹ́ńjìnnì fi jí, tí Maricruz wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tá a fi máa fà á wọnú ọkọ̀, ara rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. Ó ní oorun ń kun òun.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra á lọ́wọ́. Maricruz dì mí mú.

"Ẹ má ra á. Bíi ti ìjàpá náà ni. Ara tó gbẹ ló máa mú un móoru, díẹ̀díẹ̀."

Omi ń ro tótó lára mi. Maricruz nìkan ló gbẹ nínú ọkọ̀ yẹn, èmi ọmọ apẹja nìkan ló sì lè wa ọkọ̀ gba ojú omi tóóró yẹn kọjá nínú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú mi, kò kàn sọ ọ́ jáde. Ó ń dúró dè mí. Mo kórìíra ìyẹn pẹ̀lú, pé ó tún níwà.

"Bọ́ aṣọ ẹ," mo ní.

"Comadre..."

"Bọ́ aṣọ ẹ, kó o dì mọ́ ọkọ mi. Ṣé kí n kúnlẹ̀ fún ẹ ni?"

Mo bọ́ aṣọ tútù kúrò lára Librado, mo gbé e lé Maricruz láyà, mo fi tapólì bò wọ́n. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ki etí tapólì náà sábẹ́ wọn yí ká kí atẹ́gùn má baà wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo kọjú síwájú, mo di ìdarí ọkọ̀ mú, n ò wẹ̀yìn.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí eyín Librado ń lu ara wọn. Gbígbọ̀n ti padà wá. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé àyà ẹni tó wà.

"Mina," ó pè, ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Mina, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Mo la ẹnu.

"Èmi ni," Maricruz dá a lóhùn. "Èmi ni, ọkọ mi. Má sùn."

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá "ọkọ mi" náà rárá. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́.

Librado yè. Ó máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ohùn ìyàwó òun ló pe òun padà sáyé. Ó máa ń sọ ọ́ níwájú Maricruz náà. Maricruz á ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà á ní bẹ́ẹ̀ ni.