Ẹ̀ẹ̀karùn-ún Ujuut

"Ẹ gbé pọ́ǹpù yẹn kúrò nínú káyáàkì!" Kaaleeraq figbe ta ní èbúté. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá gbé pọ́ǹpù dání ti gbà pé òun máa ṣubú!"

Ẹni tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ọmọ arábìnrin rẹ̀ ni. Paarnaq ni gbogbo ará ìlú Maniitsoq ń pè é, ṣùgbọ́n Ujuut ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, torí pé oṣù tí òkun pa Ujuut, ẹ̀gbọ́n Kaaleeraq, gan-an ni wọ́n bí i. Ẹni tó padà dé ti padà dé. Bàbá yìí kò fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí, Paarnaq ló sì kọ́kọ́ máa ń gé ẹran séálì, ẹran inú òkun tí wọ́n ń dọdẹ, fún. Ṣùgbọ́n Kaaleeraq náà ni olórí ọdẹ. Káyáàkì mẹ́ta, ọkọ̀ tóóró ẹlẹ́nìkan, ló ń lọ sí erékùṣù òde lọ́sàn-án yìí, ó sì ti ní Paarnaq kò ní sí níbẹ̀.

"Mo mọ ọ̀nà mẹ́tàdínlógún tí mo lè gbà yí po tèmi tọkọ̀ lábẹ́ omi kí n padà sókè, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo mọ̀. Ujuut mọ mọ́kànlélógún. Lọ́jọ́ tí kò rí ọ̀kan ṣe, ó jáde nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá jáde ti tán."

"Irọ́ ni! Ó tún wọlé. Ṣebí orí àpáta lẹ ti ń wò ó? Ó wọlé, omi kún inú ọkọ̀, ọkọ̀ tún dojú dé. Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Bàbá náà wo ilẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Omi inú ọkọ̀ ló pa á nígbà náà. Ó dáa. Màá jáde ní agbami, níbi tí ọwọ́ ẹnì kankan ò ti ní tó mi. Bí mo bá dá wọlé, tí inú ọkọ̀ gbẹ, mo ń lọ."

"Ẹ ń bá ikú ṣeré."

"Mo ń fi í ṣẹ̀sín ni."

Àwọn ọdẹ méjì tó jókòó sórí àgbá rẹ́rìn-ín. "Paarnaq, bá wa kí àwọn ẹja o!"

Ó wà á kọjá òkè yìnyín àkọ́kọ́. Ó tú etí aṣọ awọ rẹ̀, tó dí ẹnu ọkọ̀ kí omi má wọlé, kúrò lẹ́nu ọkọ̀, ó sì fi ara lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ọkọ̀ fi dojú dé.

Òtútù gbá a níwájú orí. Ìbàdí rẹ̀ ti fẹ́ dá yí i padà sókè, bí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré. Ó fipá dá a dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ jáde. Ó fà wọ́n jáde.

Ó yí ọkọ̀ dojú sókè. Ó so àpò awọ séálì tí wọ́n ti fẹ́ atẹ́gùn sí mọ́ orí àjẹ̀, àpò tí Ujuut gbàgbé sílé lọ́jọ́ náà, ó sì fi àjẹ̀ dábùú ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó dojú bolẹ̀ lé e, ó ti ẹsẹ̀ bọnú, ó yí ara padà, ó jókòó. Omi dé ìbàdí rẹ̀. Ọkọ̀ ń fì bí ọ̀mùtí. Ibí gan-an ni ti Ujuut ti ń dojú dé.

Ó fi itan há pọ́ǹpù tí kò gbà láti gbé kúrò nínú ọkọ̀. Ó fà á sókè, ó tì í wálẹ̀, omi ń tú jáde. Apá rẹ̀ gbóná, ìka rẹ̀ kú. Ìgbì kan dé, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àpò awọ náà gbé e dúró. Ó ń fà, ó ń tì. Ní èbúté, àwọn ọdẹ méjì náà ti dìde lórí àgbá, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó yá, pọ́ǹpù náà hó gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́, kò rí omi fà mọ́.

Nígbà tó wà á padà, Kaaleeraq ti wà nínú omi dé orúnkún, tòun ti bàtà. Ó na ọwọ́ sí i kó lè fà á jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi…"

Paarnaq kò gba ọwọ́ náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò dá bàbá yìí lóhùn bíi Ujuut rí.

"Àbúrò mi," ló wí, "ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyí, mo sì wọlé. Lọ mú pọ́ǹpù tìrẹ wá."