Ẹni Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ Nítorí Mi

Olóhùn-Kékeré ni wọ́n ń pè é ní ilé ìfọṣọ tó ti ń lọ aṣọ, nítorí pé bó bá kí ènìyàn, àfi kí onítọ̀hún tẹ́tí bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìrìn èèrà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ nìyí nínú ẹgbẹ́ àdúrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́. Ahọ́n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ìgbàkigbà tó bá wọ́n omi sára ṣẹ́ẹ̀tì, tí áyọ́ọ̀nù sì mú kó dún ṣìì, ńṣe ló ń ṣe é bíi kó lá aṣọ aláṣọ.

"Ìyàwó Jésù," ọ̀gá rẹ̀ obìnrin pè é láti ìdí tábìlì, "má fi ìkanra ààwẹ̀ jó kọ́là oníkọ́là o!"

"Ẹ̀yin náà ẹ bá wa gbà á, mà."

"Èmi? Kí ebi máa pa mí, kí n tún máa wo ojú yín? Ọlọ́run ò ní jẹ́!"

Olóhùn-Kékeré rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Oúnjẹ kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló ń rò, ìrọ̀lẹ́ tí ẹnì kan yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kó dé àdúgbò náà, onílé nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn ọ̀hún, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ló ń gbé onílé wá.

Awakọ̀ kan ló sọ ọ́ di ẹni tó ń sá kúrò ní ìlú rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín oyin ni, ó máa ń sọ pé ojú ọmọbìnrin náà ni iná tí òun fi ń ríran wakọ̀ lóru. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Dúró dè mí ní ibùdókọ̀, kí n mú ọ lọ fi han ìyá mi." Ọmọbìnrin náà wọ aṣọ tó lọ̀ fúnra rẹ̀, tó dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó sì dúró. Oòrùn wọ̀, ó ṣì dúró. Lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti gbọ́ ni òun tó gbọ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n fi han ìyá. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní kó dúró de òun, àyà rẹ̀ á já.

Ìdí nìyí tí òfin ẹgbẹ́ àdúrà náà fi dẹ́rù bà á, tó sì tún dùn mọ́ ọn. Bàbá Olùdarí, káfíńtà tí ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé, ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ṣínu. Méjì-méjì ni. "Ẹ gbàdúrà fún ara yín, ẹ kọrin kan, kí ẹ tó fẹnu kan omi. Bí ẹnìkejì rẹ ò bá tíì dé, dúró dè é. Ohun tí a jọ gbé, a jọ ń sọ̀ ọ́ ni." Ó wá so ó pọ̀ mọ́ Màmá Onígíláàsì, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. "Ó dìrọ̀lẹ́, ọmọ mi," ni Màmá wí, ó fọwọ́ pa á léjìká, ó sì júwe ilé ara rẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn wọn wá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún un pé nínú ẹgbẹ́ àwọn, àgbà ló ń wá sílé ọmọ tuntun.

Bó ṣe tibi iṣẹ́ dé, ó gbálẹ̀, ó fọ kọ́ọ̀pù méjì, ó gbé búrẹ́dì sínú àwo, ó sì jókòó sétí ibùsùn. Ẹsẹ̀ ń lọ ẹsẹ̀ ń bọ̀ lójú àtẹ̀gùn. Bí ìkọ̀ọ̀kan bá sún mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, á dìde dúró, ẹsẹ̀ náà á sì kọjá lọ sílé ẹlòmíràn. Ilẹ̀ ṣú. Nínú yàrá kejì, tọkọtaya kan ń fi orúkọ oyin pe ara wọn.

"Wọ́n tún ti gbàgbé mi," ló wí fún ògiri.

Ó bu omi, ó gbé e dé ètè. Ni ìbínú bá gbé e. Ní ibùdókọ̀ ọjọ́sí, kò rí ẹni tó lè bi léèrè. Ṣùgbọ́n ti Màmá yìí, ó mọ ilé rẹ̀. Ó gbé omi náà kalẹ̀ láìmu. Yóò lọ sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé òun ò ṣe ẹgbẹ́ mọ́.

Ilẹ̀kùn Màmá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Màmá kọjú sí i lórí àga, ètè rẹ̀ gbẹ, ó funfun bí ẹfun. Omi wà níwájú rẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Èmi ta? Gbóhùn sókè! Ojú mi ò ríran, o tún fẹ́ fi etí mi ṣòfò."

"Olóhùn-Kékeré ni."

"Háà! Ṣé ẹsẹ̀ ìgbín lo yá wá ni? Òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ọmọ yìí!"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò sẹ́nu fọ́n ká. "Ẹ... ẹ ò tíì mu omi, mà?"

"Kí n bá ta mu ún?"

"Wọ́n ní àgbà ló ń wá sílé ọmọ tuntun."

"Tòun ti orúnkún yìí? Ọmọ wo ló ń jókòó sílé kí àgbà máa gun..." Màmá gbá itan. "Ó ṣe! Àṣà wa ni. Èmi gan-an ni mo dá a sílẹ̀, nígbà tí orúnkún mi ṣì jẹ́ orúnkún!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin náà bá a rín in, àfìgbà tí ẹ̀rín di ẹkún.

"Mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi ni, mà."

"Ẹni tí mo fi òùngbẹ dúró dè?" Màmá wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú. "Látìgbà tí baálé mi ti lọ, èmi àti aago ara ògiri la ń gbé ibí. Òun náà, kì í jẹ́ kí n fèsì. Kúnlẹ̀, jẹ́ ká gbàdúrà."

Màmá gbàdúrà fún ọkàn tí wọ́n fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, bí ẹni pé ó wà ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá kan ọmọbìnrin náà. Ètè rẹ̀ ń mì.

"Mi ò gbọ́," ni Màmá wí.

"Ọlọ́run ń gbọ́, mà."

"Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ ṣe Àmín ni."

Ó gbóhùn sókè. Ó bẹ̀bẹ̀ fún orúnkún Màmá, fún ojú rẹ̀, fún yàrá tó dákẹ́ jù. Àmín Màmá ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gidigbà, bí ẹni ń kan ìṣó. Wọ́n kọrin. Ọ̀kan lọ sókè, èkejì lọ sódò, wọn ò pàdé títí orin fi parí.

"Àmín o!" onígbàjámọ̀ kígbe láti ìsàlẹ̀. "Ẹ rọra, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí oníbàárà!"

"Ẹ kọ́kọ́ mu, mà," ọmọbìnrin náà wí pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Rárá. Lẹ́ẹ̀kan náà ni."

Wọ́n jọ gbé e sẹ́nu. Omi náà tutù, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan ò tíì dé rí láyà rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ dúró dè mí lọ́la, mà. Mò ń bọ̀."

Òpópónà ti dá páropáro. Yàrá tó ń lọ bá náà á dá bẹ́ẹ̀, ó mọ̀. Ó wẹ̀yìn wò. Màmá dúró lójú fèrèsé, ó ń sìn ín lọ pẹ̀lú ojú tí kò lè rí i.